Ọmọ Mi, X àti Owó Èlé: Ohun Tí Álíjẹ́bírà Ọdún Kejì Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ilé

Abẹ́ tìmùtìmù ni mo ti rí ìwé ìdánwò náà. Òwúrọ̀ Sátidé ni, mo ń tún ibùsùn ọmọ mi obìnrin tẹ́, mo sì gbé etí tìmùtìmù sókè kí n lè ki aṣọ ìtẹ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bébà mẹ́rin tí a ká pọ̀ bí ẹni ká owó ìfipamọ́ ni ó jábọ́ sílẹ̀. Mo tú u wò. Ìṣirò ni, ìdánwò ìparí sáà kìíní, SS2. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ 23 nínú 100 sí òkè rẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí ọmọ náà kúkú lọ kọ́ irun dídì.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Irun dídì kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Owó irun dídì ni ìyá mi fi rán mi ní ilé-ìwé. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹni tí ó yẹ kí ó sọ ibi tí ọmọ ti ṣìnà fún un kò sọ ọ́. Mo yẹ bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò láti òkè délẹ̀. Àmì àṣìṣe pupa ló kún ibẹ̀, àlàyé ẹyọ kan kò sí.

Nígbà tí ọmọ náà dé ní ọ̀sán, n kò pariwo. Mo bu oúnjẹ fún un, mo sì gbé ìwé náà kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó wo ìwé, ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Mo fẹ́ lọ sí Art."

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ni ọmọ yìí ti ń wí pé nọ́ọ̀sì ni òun yóò ṣe. Òun ni ó ń ka oògùn fún màmá àgbà, òun ni ó ń kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ìwé kékeré kan lárààárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Bí ó bá kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní SS2, ilẹ̀kùn náà ti tì nìyẹn, torí SS3 kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún ohun tuntun. Ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo bi í léèrè pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ kí o mọ̀ gan-an ní sáà yìí?"

Ó ronú títí. "Wọ́n ní ká wá x."

"Kí ni x?"

Kò lè fèsì. Kí n má parọ́, èmi náà kò lè fèsì. Mo ṣe ìṣirò yìí ní ọdún tèmi, mo tilẹ̀ gba kírẹ́díìtì níbẹ̀, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá jí mi lóru tí ó ní kí n sọ ohun tí álíjẹ́bírà wà fún, n ó sùn padà ni.

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ kò fi ohun tí ó ń fẹ́ pa mọ́. Lára ohun tí a là sílẹ̀ fún ọmọ SS2 ni lọ́gárítímù, òǹkà atẹ̀léra, èyí tí iye kan náà ń fi kún un àti èyí tí iye kan náà ń sọ ọ́ di púpọ̀, ìdọ́gba kùádírátíìkì ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń tú u, ìdọ́gba méjì tí a ń yanjú pa pọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ kùádírátíìkì, àìdọ́gba, àwọn ìdá tí lẹ́tà wà nínú wọn, àti dídagun ìlà lórí gíráàfù, ìyẹn bí ó ṣe ń gòkè tàbí bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí. Àwọn ẹ̀yà ìṣirò mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀ tí kì í ṣe álíjẹ́bírà, n kò ní í kà wọ́n níbí. Ẹni tí ó bá ka àkọlé wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ á rò pé òkìtì ẹrù ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi náà ṣe rò.

Ní òpin àdúgbò wa ní Ìbàdàn ni bàbá kan ń gbé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ó fi ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kọ́ni ní ìṣirò kí ó tó fẹ̀yìn tì. Èmi àti ọmọ mi lọ kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tí ó gbé wa wá. Wọ́n gba ìwé ìdánwò náà, wọ́n fi awò ojú wọn sí i, wọ́n ka ohun tí olùkọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n mi orí, wọn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ mi ni wọ́n kọjú sí.

"Ọmọ mi, màmá rẹ àgbà ní oògùn olómi kan. Ara ìgò rẹ̀ kọ ọ́ pé mílígírámù 250 ni ó wà nínú mílílítà 5. Dókítà ní kí a fún wọn ní mílígírámù 375. Mélòó ni wàá bù?"

Ọmọ náà dáhùn kí bàbá tó mí. "Mílílítà méje àbọ̀, sà."

"Báwo ni o ṣe mọ̀?"

Ó ní bí 250 bá wà nínú 5, 125 tí ó jẹ́ ìdajì rẹ̀ yóò wà nínú méjì àbọ̀. Àròpọ̀ wọn ni 375. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mílílítà méje àbọ̀ yẹn ni x. Kí o tó bù ú, o kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n o mọ bí ó ṣe bá àwọn ohun tí o mọ̀ tan. Ìbátan yẹn ni ìdọ́gba. Ẹni tí ó bá mọ ìbátan ẹnì kan yóò mọ ẹni náà." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá wa, ohun tí ọdún kejì yìí ń wá kò ju èyí lọ: kí ọmọ lè fún ohun tí kò mọ̀ ní orúkọ, kí ó kọ ìbátan rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tú u wò títí yóò fi rí i, kí ó sì lè sọ bí ohun tí ó rí bá bọ́gbọ́n mu."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Àwọn wákàtí tí a lò níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní irú kíláàsì yìí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni a ń sanwó ẹ̀kọ́ àfikún láìmọ ohun tí a ń sanwó fún.

Ohun kan tí Bàbá Tíṣà kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ní kí ọmọ mi ka láti 41 dé 50 ní Yorùbá. Ó gbìyànjú dé ọ̀kànlélógójì, méjìlélógójì, mẹ́tàlélógójì, mẹ́rìnlélógójì, ó wá dákẹ́. Èmi ni mo parí rẹ̀: márùndínláàádọ́ta. "Ẹ tú u," ni Bàbá wí. Márùn-ún dín ní àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mẹ́wàá dín ní ọgọ́ta, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Nítorí náà 45 lẹ́nu àwọn bàbá wa ni ogún lọ́nà mẹ́ta, kí a yọ mẹ́wàá, kí a tún yọ márùn-ún. Bàbá kọ ọ́ sórí bébà: 20 × 3 − 10 − 5. Wọ́n pa 3 rẹ́, wọ́n fi x rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní, "Bí èyí bá jẹ́ 65, kí ni x?" Ọmọ náà fi 10 àti 5 kún 65, ó rí 80, ó pín in sí ogún-ogún, ó ní 4. Márùndínláàádọ́rin ni 65, àádọ́rin sì jẹ́ mẹ́wàá dín ní ọgọ́rin. Òótọ́ ni, ọgọ́rin jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin.

Ó yà mí lẹ́nu pé àgbàlagbà tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí ń ṣe èyí ní ọjà lójoojúmọ́, tí àwa tí a kàwé sì ń sá fún un. Mo rántí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú ìṣirò pàápàá. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi yóò fi ṣe ìdánwò tirẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí a má fi Yorùbá yé e nílé.

Kùádírátíìkì ni ó gbà wá ní ọjọ́ jù, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọkàn ọdún kejì wà. Ọgbà ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní wáyà mítà 100 tí ó fẹ́ fi sọ ọgbà ẹ̀fọ́ onígun mẹ́rin. Ó fẹ́ kí ààyè inú rẹ̀ jẹ́ mítà 600 ní ìwọ̀n ìlọ́po ìbú àti òró. Báwo ni yóò ṣe gùn, báwo ni yóò ṣe fẹ̀? Ọmọ mi mọ̀ pé òró àti ìbú pọ̀ jẹ́ 50, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjì-méjì ni. Ó gbìyànjú 10 àti 40: 400 péré. Ó gbìyànjú 25 àti 25: 625, ó ti ju. Ó gbìyànjú 20 àti 30, ó rí 600, inú rẹ̀ dùn. Bàbá wá fi hàn án pé ohun tí ó ń ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní pípín ìdọ́gba sí àkámọ́ méjì: nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 50, tí ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 600. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń há a sórí láìmọ̀ pé ọgbà ni.

"Ó dára," ni Bàbá wí. "Bí ó bá fẹ́ mítà 620 ńkọ́?"

Ìgbìyànjú kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. 22 àti 28 fún un ní 616, 23 àti 27 fún un ní 621. Ìdáhùn wà láàárín, kò sì jẹ́ nọ́ńbà odidi. Ibí yìí ni a ti nílò ọ̀nà tí kì í kùnà, ibí yìí náà ni Bàbá sì ti mú wa lọ sí Bàgídáádì.

Ní nǹkan bí ọdún 820 ni ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní ìlú náà. Láti inú àkọlé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "al-jabr" ti wá, tí ó di álíjẹ́bírà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mímú ohun tí ó yẹ̀ bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún títo eegun tí ó ṣẹ́, ní ilẹ̀ Spéènì àtijọ́ pẹ̀lú, algebrista ni wọ́n ń pe ẹni tí ń to eegun. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Nígbà tí ọmọ bá gbé nǹkan láti apá kan ìdọ́gba lọ sí apá kejì, eegun ni ó ń tò.

Ìbéèrè kan tí ó lókìkí nínú ìwé náà ni èyí: nọ́ńbà kan wà, bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a sì fi ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ kún un, yóò jẹ́ 39. Bàbá gé ìwé ìròyìn. Wọ́n gé ọ̀kan ní onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba: èyí ni x lọ́nà x. Wọ́n gé méjì gbọọrọ, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ x, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 5: àwọn méjèèjì pọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá x. Wọ́n tẹ́ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 39. Ṣùgbọ́n igun kan ṣófo bí ẹní tí eku jẹ igun rẹ̀. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Ibẹ̀ gba 5 lọ́nà 5, sà." Ó gé 25, ó fi dí i. Bí 25 bá wọ inú 39, ó di 64, onígun mẹ́rin ńlá náà sì pé pérépéré. 64 jẹ́ 8 lọ́nà 8. Nítorí náà x pẹ̀lú 5 jẹ́ 8, x jẹ́ 3. Ó yẹ̀ ẹ́ wò: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, ìlọ́po mẹ́wàá 3 jẹ́ 30, ó di 39.

Mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní "completing the square" nínú ìwé ìṣirò tèmi ní ogún ọdún sẹ́yìn. N kò mọ̀ rí pé igun ẹní ni a ń dí.

Fọ́múlà ńlá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà ń pè ní Almighty Formula, igun dídí yìí náà ni, ẹnì kan ló kàn ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ìdọ́gba kí a má bàa máa ṣe é lójoojúmọ́. Orúkọ tí wọ́n fún un ti ba nǹkan jẹ́ lójú tèmi. Ohun tí a bá pè ní alágbára gbogbo, ẹ̀rù rẹ̀ ni a ń bà, a kì í wádìí ibi tí ó ti wá. Pẹ̀lú rẹ̀, ọgbà mítà 620 jáde: ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 22.76, òró rẹ̀ jẹ́ mítà 27.24. Bàbá tún bèèrè ọgbà mítà 700 láti inú wáyà 100 kan náà. Ọmọ náà ṣe é, ó dé ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà tí yóò di −300 bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Sà, mo ti ṣe é bàjẹ́."

"O kò bà á jẹ́. Fọ́múlà ń sọ fún ọ pé wáyà rẹ kò tó."

Ó rántí pé 25 lọ́nà 25 tí ó jẹ́ 625 ni ó ga jù tí wáyà yẹn lè gbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣàkíyèsí pé kì í tètè pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ lọ́gárítímù kàn mí ju bí mo ti rò lọ. Àbúrò mi obìnrin tí ń ta aṣọ fẹ́ yá 500,000 náírà lọ́wọ́ olówó èlé kan láti fi kún ọjà ọdún. Àdéhùn náà ni ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, èlé tí a kò bá san yóò máa wọ inú owó, gbogbo rẹ̀ yóò sì di sísan ní oṣù kejìlá. Àbúrò mi ti ṣe ìṣirò tirẹ̀: èlé oṣù kan jẹ́ 50,000, ti oṣù méjìlá jẹ́ 600,000, òun yóò dá 1,100,000 padà. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọjà yóò gbé e. Ó mú ìwé náà wá sílé mi kí n fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì kan náà. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èlé máa ń bí èlé nínú rẹ̀?" Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ṣí ìwé kékeré tí òǹkà lọ́gárítímù wà nínú rẹ̀, ó kọ 1.1, ó ní iye yìí ni yóò máa sọ owó náà di púpọ̀ lóṣooṣù, nígbà méjìlá. Ìwé kékeré yẹn fún un ní ohun tí ó súnmọ́ ọn, ẹ̀rọ orí fóònù sì fún un ní èyí tí ó péye: 1,569,214 náírà. Owó tí àbúrò mi kò kà mọ́ ọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ó fẹ́ yá gan-an.

Ó tún ní òun fẹ́ mọ ìgbà tí gbèsè náà yóò di ìlọ́po méjì. Lọ́gárítímù 2 jẹ́ 0.3010, ti 1.1 jẹ́ 0.0414, ó pín ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ti ẹ̀kejì, ó rí nǹkan bí 7.27. Ní oṣù keje, gbèsè ti di 974,359. Ní oṣù kẹjọ, ó ti di 1,071,794. "Àǹtí, kí Kérésì tó dé, ẹ ti jẹ mílíọ̀nù kan kọjá."

Àbúrò mi gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi í sínú báàgì. Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ. Ó wá àwọn méje mìíràn nínú ọjà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá àjọ.

John Napier ará Sìkọ́tílándì ni ó gbé lọ́gárítímù jáde ní 1614, kí ìsọdipúpọ̀ lè di àròpọ̀ lásán fún àwọn tí ń ka ìràwọ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, àwọn òbí kan sì ti bi mí pé kí ni a tún ń fi kọ́ ọmọ sí. Mo ní kí wọ́n lọ bi àbúrò mi. Ẹ̀rọ yóò ṣe ohun tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ 50,000 lọ́nà 12, òótọ́ ni ẹ̀rọ sọ fún un.

Òǹkà atẹ̀léra kò le nígbà tí a ti rí èyí. Àjọ tí ẹnì kan ń fi 500 náírà bẹ̀rẹ̀, tí ó ń fi 100 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí ni àròpọ̀ déédéé. Ní ọ̀sẹ̀ ogún, ó ti kó 29,000 jọ. Gbèsè àbúrò mi ni èkejì, ìsọdipúpọ̀ déédéé. Ọmọ tí ó bá lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ láìṣe pé wọ́n kọ orúkọ wọn sórí ìbéèrè ti jáde nínú ẹ̀kọ́ náà. Àìdọ́gba àti àwọn ìdá olólẹ́tà, a fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ṣe wọ́n. Ìdánrawò ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ ìtàn. Ibi tí ọmọ mi ti ń kọsẹ̀ jù nínú ìdá ni pé ó ń pa lẹ́tà rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ nígbà tí àròpọ̀ wà láàárín wọn. Bí ọmọ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ó fi 2 tàbí 3 rọ́pò lẹ́tà náà, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé irọ́ ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn. Ní àárín gbogbo èyí, òbí kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pè mí sẹ́yìn ilé-ìwé, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ilé-ìwé kan wà ní ẹ̀yìn ìlú tí a lè kó àwọn ọmọ lọ ní SS3, níbi tí ìdáhùn ti máa ń wọlé bá wọn. Ó dárúkọ iye owó. N kò lè sọ pé ọkàn mi kò ṣí sí i fún ìṣẹ́jú kan. 23 ni mo rí lábẹ́ tìmùtìmù, ẹ rántí. Lẹ́yìn náà ni mo rí nọ́ọ̀sì kan nínú ọkàn mi tí ó di ìgò oògùn mú lórí ìyá mi, tí kò sì mọ̀ bóyá méje àbọ̀ ni tàbí márùndínlọ́gọ́rin. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, a ti ń gbìyànjú nílé.

Ìwé kìíní ìdánwò WAEC nínú ìṣirò jẹ́ ìbéèrè 50 ní wákàtí kan àbọ̀, ìwé kejì sì ń fẹ́ kí ọmọ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí a óò sì fún un ní máàkì fún ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ bí ìdáhùn ìparí tilẹ̀ yẹ̀. Nítorí náà ni Bàbá Tíṣà kì í ṣe é gba ìdáhùn lásán. Bí ọmọ mi bá sọ pé "20 àti 30 ni, sà," wọn á ní, "Kọ ọ̀nà tí o gbà débẹ̀." Èmi náà ti kọ́ èyí. N kì í bi í mọ́ pé mélòó ni ó gbà. Mo ń ní kí ó mú èyí tí ó kùnà wá, kí ó fi ìlà tí ọ̀nà ti yà hàn mí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni n kò mọ̀ bí ó tọ́ tàbí kò tọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé fún mi, òun fúnra rẹ̀ a rí i.

Mo sì ti dẹ́kun gbólóhùn kan tí mo máa ń sọ tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ọmọ mi jọ mí, a kì í mọ ìṣirò ní ìdílé wa." Bàbá Tíṣà ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi tí ó bá mi wí, pàápàá nítorí pé ọmọbìnrin ni. Wọ́n sọ ìtàn Grace Alele-Williams fún wa, obìnrin tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago ní 1963, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n fi í sí ipò náà ní Yunifásítì ti Benin ní 1985. Ọmọ mi bèèrè bóyá ó gba 23 rí. Bàbá ní àwọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra àwọn gba 11 rí.

Ní ìparí sáà kejì, ó mú ìwé ìdánwò dé. Kò fi í sábẹ́ ohunkóhun. 54 ni. Olùkọ́ kan náà ni, bírò pupa kan náà, ìlà kan lábẹ́ máàkì, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ronú nípa kíláàsì Art, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, ó fún wọn ní oògùn ìrọ̀lẹ́, ó kọ nọ́ńbà méjì sínú ìwé kékeré rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fa bébà kan jáde nínú báàgì.

"Mọ́mì, ìbéèrè keje nìyí. Ẹ wá wo ibi tí mo ti ṣìnà."